Etí Ni Àbùùbùtán Fi Ń Ríran

Ìbéèrè: Ẹ káàsán mà. Lẹ́kì ni mò ń gbé. Bí mo bá jáde sí etí òkun, mo máa ń rí àwọn ọkọ̀ ńláńlá tó ń dúró de èbúté, wọ́n á tò bẹẹrẹ. Mo gbọ́ lórí rédíò pé ariwo irú ọkọ̀ bẹ́ẹ̀ ń pa àbùùbùtán lára. Ọ̀rọ̀ náà kò yé mi. Ẹran omi tó gùn ju mọ́lúè lọ, kí ni ariwo lásán lè fi í ṣe? Tó bá ń dí i létí, ṣebí òkun fẹ̀, kí ló dé tí kò kàn lọ síbòmíràn? Ṣé ariwo lè pa á ni? Àti pé, ṣé irú ẹran bẹ́ẹ̀ tiẹ̀ ń dé ọ̀dọ̀ wa níbí?

Ìdáhùn:

Ẹ kú ìbéèrè. Láti ọjọ́ tí mo ti ń ṣiṣẹ́ lórí ìró abẹ́ omi ni mo ti ń gbọ́ irú rẹ̀, títí kan lẹ́nu àwọn tó ń wa ọkọ̀ òkun fúnra wọn, ó sì tọ́ kéèyàn béèrè. Àwa èèyàn, ojú la fi mọ ayé. Bí ariwo bá pọ̀ níbi tí a wà, inú lè bí wa, àmọ́ a óò máa bá tiwa lọ, nítorí a ṣì ń rí ọ̀nà. Ti àbùùbùtán kò rí bẹ́ẹ̀.

Ẹ jẹ́ ká ti ibi omi fúnra rẹ̀ bẹ̀rẹ̀. Bó ti wù kí oòrùn ràn tó, téèyàn bá wọ inú òkun lọ sísàlẹ̀ tó mítà 200, ìmọ́lẹ̀ tó kù kò tó nǹkan mọ́. Níbi tí oúnjẹ bá sì pọ̀ sí, omi máa ń ṣú débi pé àbùùbùtán kò lè rí ìrù ara rẹ̀. Ṣùgbọ́n ìró ń sáré nínú omi: nǹkan bíi mítà 1,500 ní ìṣẹ́jú àáyá kan, nígbà tí ti inú afẹ́fẹ́ kò ju bíi 340 lọ. Kì í sì í tètè kú. Ẹni tó bá fi odò ṣeré ní kékeré mọ̀ ọ́n. Ẹ ri orí bọmi, kí ẹnìkan mú òkúta méjì, kó gbá wọn mọ́ra nísàlẹ̀ omi lápá òdìkejì. Ẹ ò ní mọ̀ pé ọ̀nà jíjìn ni ìró náà ti wá. Á dún bí ẹni pé inú agbárí yín gan-an ni wọ́n ti gbá a. Inú irú ayé bẹ́ẹ̀ ni àbùùbùtán ń gbé tọ̀sán-tòru. Etí ló fi ń mọ ọ̀nà, etí ló fi ń wá ẹni tí yóò bá gùn, etí ni ìyá fi ń mọ ibi tí ọmọ rẹ̀ wà.

Ohùn rẹ̀ náà bá ayé yẹn mu. Ẹ rántí òde òru: bí ibi tí wọ́n ti ń ṣe fàájì bá jìnnà sí yín, ẹ ò ní gbọ́ ohun tí olórin ń sọ, béèsì nìkan ni yóò máa lu yín láyà. Ìró tó bá nípọn ló ń rìn jìnnà, nínú omi ó sì tún jù bẹ́ẹ̀ lọ. Irú àbùùbùtán kan wà tí wọ́n ń pè ní fin whale, ohùn rẹ̀ nípọn débi pé ẹsẹ̀ ibi tí etí èèyàn ti ń bẹ̀rẹ̀ sí í gbọ́ ìró ló dúró sí. Ní 1971, olùwádìí méjì, Roger Payne àti Douglas Webb, ṣírò rẹ̀ pé kí ọkọ̀ ẹlẹ́ńjìnnì tó kún òkun, ohùn yìí lè rìn ní ẹgbẹẹgbẹ̀rún kìlómítà, kí òmíràn sì gbọ́ ọ. Ẹ fojú inú wò ó: kí ẹnìkan pe yín láti Dákà, kí ẹ dáhùn ní Lẹ́kì, láìsí fóònù.

Wàyí o, ọkọ̀. Ọ̀pọ̀ èèyàn rò pé ẹ́ńjìnnì ló ń pariwo jù. Ẹ́ńjìnnì ń ṣe tirẹ̀, àmọ́ pùròpẹ́là ni ọ̀gá, ìyẹn abẹ̀bẹ̀ irin tó ń yí nídìí ọkọ̀. Bó bá ń yí kíákíá, ó ń fa omi ya débi pé omi náà á máa hó bí omi inú ìkòkò, láìsí iná lábẹ́ rẹ̀. Àwọn ìhó kéékèèké á yọ lójú irin, wọ́n á sì fọ́ lójú ẹsẹ̀, àìmọye wọn, láìdáwọ́ dúró. Fífọ́ wọn ni ariwo tí à ń sọ yìí. Kì í ṣe nǹkan kékeré rárá. Nígbà kan tí wọ́n gbé ọkọ̀ kan sórí ilẹ̀ fún àtúnṣe, mo fọwọ́ pa ojú pùròpẹ́là rẹ̀: irin tó nípọn ju ọwọ́ mi lọ, ihò wẹ́wẹ́ ti dá a lójú bí ojú ẹni tí ilẹ̀ gbígbóná bá jà. Ìhó omi lásán ló gbẹ́ ẹ bẹ́ẹ̀. Ibi tó sì burú sí ni pé ohùn nínípọn ni ariwo yìí ń dún jù, ojú ohùn kan náà tí àwọn àbùùbùtán ńlá fi ń sọ̀rọ̀.

Ọkọ̀ ọlọ́jà tó wà lójú òkun lágbàáyé báyìí ju 100,000 lọ. Ní erékùṣù San Nicolas, létí California, àwọn olùwádìí fi ohun tí máìkì abẹ́ omi gbà sílẹ̀ láàárín 1964 sí 1966 wé ti 2003 sí 2004. Ariwo nínípọn ibẹ̀ ti fi decibel 10 sí 12 lé sí i (decibel ni òṣùwọ̀n tí a fi ń wọn ariwo). Kí nọ́ńbà yẹn má ṣe tàn yín jẹ: bí decibel 10 bá gorí ariwo, agbára ariwo náà ti di ìlọ́po mẹ́wàá. Ní ogójì ọdún péré, láàárín ìgbésí ayé àbùùbùtán kan ṣoṣo.

Èyí tí mo mọ̀ dáadáa jù nínú wọn ń gbé apá àríwá Òkun Àtìláńtíìkì, láàárín Flórídà àti Kánádà. Orúkọ rẹ̀ á fi bí wọ́n ṣe ń wò ó hàn yín. Àwa pè é ní àbùùbùtán, ẹran tí a bù, tí a bù, tí kò tán. Ẹran ọbẹ̀ ni ojú wa rí. Òyìnbó náà kò sàn jù wá lọ. Right whale ni wọ́n pe ti àríwá yìí, ìyẹn ni pé òun ló tọ́ láti pa, nítorí pé kì í yára, kì í jìnnà sí ilẹ̀, òkú rẹ̀ sì máa ń léfòó. Ìgbà tí wọ́n fi fòfin dè é ní 1935, díẹ̀ ló kù. Lónìí, gbogbo èyí tó kù láyé jẹ́ nǹkan bí 380. Àwọn abo tó ń bímọ nínú wọn kò ju bí 70 lọ.

Mo ti gbọ́ ohùn rẹ̀ ní Bay of Fundy, láàárín Nova Scotia àti New Brunswick, níbi tí ìkùukùu máa ń bolẹ̀ débi pé èèyàn kò ní rí orí ọkọ̀ tirẹ̀. A pa ẹ́ńjìnnì, a sọ máìkì sómi, mo fi gbohùngbohùn bo etí. Ohùn tó fi ń pe ẹgbẹ́ rẹ̀ kò le láti ṣàlàyé fún Yorùbá: dò ló ti bẹ̀rẹ̀, ó sì fà á gòkè dé mí, láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan. Á ké e, á dákẹ́. Òmíràn á dáhùn lápá ibòmíràn. Èyí ń lọ bẹ́ẹ̀, mo bá gbọ́ tí nǹkan ń kùn lábẹ́ rẹ̀ bí ọlọ tí wọ́n ń fi lọ ata lójúlé kejì. Kò sí ẹni tó tíì rí ọkọ̀ kankan. Ìkùn náà ń wú. Ó bo ìdáhùn ẹnì kejì mọ́lẹ̀, lẹ́yìn náà ó bo ti ẹnì kìíní. Nígbà tí táńkà epo náà yọ nínú ìkùukùu, ó ti pẹ́ tí mi ò gbọ́ nǹkan kan mọ́ yàtọ̀ sí i. Ọkọ̀ yẹn kò fara kan ẹnikẹ́ni. Ó kàn kọjá ni.

Ẹ̀yin tí ẹ ń bá jẹnẹrétọ̀ aládùúgbò gbé mọ ohun tí ẹ máa ń ṣe: ẹ óò pariwo kí ọmọ tó gbọ́ yín. Àbùùbùtán náà ń ṣe bẹ́ẹ̀. Susan Parks àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ fi hàn ní 2007 pé ojú ohùn àwọn right whale òde òní ga ju ti àwọn tí wọ́n gbà sílẹ̀ láwọn ọdún 1950 lọ, bí ẹni pé wọ́n ń wá ibi tí ariwo kò tíì gbà tán. Ṣùgbọ́n kì í ṣe gbogbo ọ̀rọ̀ ló ṣeé pariwo sọ. Ìyá tó ṣẹ̀ṣẹ̀ bímọ máa ń rẹ ohùn sílẹ̀ tó bá ń bá ọmọ rẹ̀ sọ̀rọ̀, ó ń sọ ọ́ wúyẹ́wúyẹ́, ó jọ pé kí ẹran tó lè pa ọmọ náà jẹ má baà gbọ́. Ohùn wúyẹ́wúyẹ́ yìí ló máa ń dùn mí jù tí mo bá rántí ìkùn táńkà yẹn.

Ẹnìkan lè wá bi mí pé: ó ń bò wọ́n létí, òótọ́ ni, àmọ́ kí ló fi hàn pé ó ń ni wọ́n lára? Ó pẹ́ tí àwa fúnra wa kò rí ìdáhùn sí èyí. A kò lè fa ẹ̀jẹ̀ lára ẹran tó wúwo tó bẹ́ẹ̀ nínú òkun. Rosalind Rolland, tó ń ṣiṣẹ́ ní New England Aquarium ní Boston, ló rí ọgbọ́n rẹ̀ dá: ìgbẹ́. Ìgbẹ́ right whale máa ń léfòó fún ìgbà díẹ̀, ó máa ń pupa rúsúrúsú, òórùn rẹ̀ kì í sì í ṣe kékeré. Wọ́n kọ́ ajá láti máa wá a. Ọ̀kan nínú wọn, Rottweiler tó ń jẹ́ Fargo, á dúró sí iwájú ọkọ̀ kékeré, á na imú sí afẹ́fẹ́. Ibi tó bá kọjú sí ni wọ́n á darí ọkọ̀ sí, ó sì lè gbọ́ òórùn rẹ̀ láti ibi tó ju kìlómítà kan lọ. Họ́mónù tí ara ń tú jáde nígbà ìpayà wà nínú ìgbẹ́ yẹn. Tí ọkàn ẹran kò bá balẹ̀, á hàn níbẹ̀.

Ní 2001, wọ́n wà lẹ́nu iṣẹ́ kíkó o jọ ní Bay of Fundy. Nígbà tó di ọjọ́ 11 oṣù Kẹsàn-án, ọkọ̀ òfúrufú wó ilé gogoro méjèèjì ní New York. Ọkọ̀ òkun dín kù lójijì lójú omi yẹn. Àwọn tó wà lórí iṣẹ́ kò mọ̀ pé àwọn ń ṣe ìdánwò tí ẹnikẹ́ni kò lè ṣètò rẹ̀ láé. Ìgbẹ́ àti ìró ni wọ́n ń kó jọ bí wọ́n ti ń ṣe tẹ́lẹ̀. Nígbà tí wọ́n wá yẹ gbogbo rẹ̀ wò, ariwo abẹ́ omi ti fi decibel 6 rẹlẹ̀ lẹ́yìn ọjọ́ yẹn, àgàgà èyí tó nípọn. Họ́mónù ìpayà inú ìgbẹ́ àwọn àbùùbùtán náà sì lọ sílẹ̀. Wọ́n tún ṣe é ní àkókò kan náà lọ́dún mẹ́rin tó tẹ̀ lé e, họ́mónù náà kò lọ sílẹ̀ bẹ́ẹ̀ mọ́. Ọdún 2012 ni ìwádìí náà jáde. Ohun tó kó ìpayà bá mi nínú rẹ̀ ni pé kí ọjọ́ yẹn tó dé, iye tí à ń rí là ń kà sí bí ara wọn ṣe yẹ kó rí. Ìdààmú ni, ojoojúmọ́, a kàn kò rí ìgbà tí kò sí rí ni.

Ẹ ní kí ló dé tí kò kàn lọ síbòmíràn. Òkun fẹ̀ lóòótọ́, ṣùgbọ́n oúnjẹ kò sí níbi gbogbo. Ohun ẹlẹ́mìí kan tó fara jọ edé, tí kò ju hóró ìrẹsì lọ, ni right whale ń jẹ, ó sì gbọ́dọ̀ bá a níbi tó ti ṣù jọ pìtìmù, àìjẹ́ bẹ́ẹ̀ agbára tí yóò fi wá a á ju èyí tí yóò rí nínú rẹ̀ lọ. Irú ibẹ̀ ṣọ̀wọ́n, ẹ̀bá ilẹ̀ tí ọkọ̀ ń gbà sì ni ọ̀pọ̀ wọn wà. Àti pé wọ́n ti lọ síbòmíràn rí. Láti nǹkan bí ọdún 2010 ni omi Gulf of Maine ti ń móoru, oúnjẹ wọn ń wọ́n, púpọ̀ nínú wọn bá gbéra, wọ́n lọ sí Gulf of Saint Lawrence lókè. Oúnjẹ ni wọ́n tẹ̀ lé o, kì í ṣe pé ariwo lé wọn. Nígbà tí wọ́n kọ́kọ́ débẹ̀, kò tíì sí òfin kankan fún ọkọ̀ nítorí wọn. Ní 2017 nìkan, òkú 17 ni wọ́n rí, 12 nínú wọn ní omi Kánádà. Ọkọ̀ kọ lu àwọn kan, okùn tí wọ́n fi ń pa akàn wé mọ́ àwọn mìíràn.

Èyí gbé mi dé ibi tí ẹ ti ní ṣé ariwo lè pa á. Ariwo ọkọ̀ kì í pa á tààrà. Ìkọlù ọkọ̀ àti okùn ló ń pa right whale, ẹ má sì jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fi ariwo bo èyí mọ́lẹ̀. Ohun tí ariwo ń ṣe ni pé ó ń gba nǹkan lọ́wọ́ rẹ̀ díẹ̀díẹ̀: oúnjẹ díẹ̀, ìsinmi díẹ̀, ìpè kan tí kò rí ìdáhùn. Abo tó ń bímọ lọ́dún mẹ́ta-mẹ́ta tẹ́lẹ̀ ti ń tó ọdún mẹ́fà sí mẹ́wàá kó tó tún bí. Kì í ṣe ariwo nìkan ló fà á, àmọ́ ara tí kò sinmi kì í tètè lóyún. Ariwo kan wà tó ń pa wọ́n lóòótọ́, ti ọkọ̀ ogun ni, ìró líle tí wọ́n fi ń wá ọkọ̀ abẹ́ omi. Ní 2002 ó lé irú àbùùbùtán kan tó ń gbé ibú sórí ilẹ̀ ní erékùṣù Canary. Spéènì fòfin dè é níbẹ̀ ní 2004, irú àjálù bẹ́ẹ̀ kò sì tún ṣẹlẹ̀ níbẹ̀ mọ́.

Lápá kejì Amẹ́ríkà, ní Salish Sea, láàárín Vancouver àti Seattle, àwọn orca, ìbátan àbùùbùtán tó ní àwọ̀ dúdú àti funfun, bíi 75 ló kù nínú ìdílé kan tí kì í jẹ ohun mìíràn tó ẹja salmon. Wọ́n á ta ìró tíntín síwájú, wọ́n á gbọ́ bó ṣe ta padà lára ẹja, wọ́n á sì gbá a mú nínú òkùnkùn. Marla Holt àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ so ẹ̀rọ mọ́ wọn lára, wọ́n rí i pé bí ọkọ̀ bá sún mọ́ wọn tó mítà 366, àwọn abo máa ń pa ọdẹ tì. Àwọn abo yìí ló ń fọ́mọ lọ́mú.

Ṣé àtúnṣe wà? Ó wà, èyí gan-an ni kì í jẹ́ kí n sùn lé ọ̀rọ̀ yìí. Epo tó bá dà sómi á wà níbẹ̀ fún ọdún gbọọrọ. Ọ̀rá tí a jù sókun, àwọn ọmọ wa á bá a níbẹ̀. Àmọ́ bí pùròpẹ́là bá dúró báyìí, ìró tó kẹ́yìn á pòórá kí ẹ tó ka ojú ìwé yìí tán. Ọ̀nà tó rọrùn jù ni kí ọkọ̀ rọra lọ. Láti 2017 ni èbúté Vancouver ti ń bẹ àwọn ọkọ̀ pé kí wọ́n dín eré kù ní Haro Strait nígbà tí àwọn orca bá wà níbẹ̀; lọ́dún àkọ́kọ́, knot 11 (nǹkan bíi kìlómítà 20 ní wákàtí kan) ni wọ́n ní kí wọ́n má ṣe kọjá, máìkì tó wà nísàlẹ̀ sì gbọ́ ìyàtọ̀ rẹ̀. Àwọn kan máa ń sọ pé ọkọ̀ tó bá rọra lọ á pẹ́ kó tó kọjá, ariwo rẹ̀ náà á sì pẹ́. Á pẹ́ lóòótọ́, ṣùgbọ́n ìhó ojú irin yẹn máa ń lọ sílẹ̀ wọ̀ọ̀ bí eré bá ti dín kù, àpapọ̀ ariwo tó dà sómi á ṣì kéré. Epo tí ọkọ̀ náà ń jó á dín kù pẹ̀lú, bó bá sì ṣe kọ lu ẹran, ẹran náà lè yè é. Torí ìkọlù yìí ni Amẹ́ríkà ṣe fòfin dé e láti ìparí 2008 pé ọkọ̀ tó bá gùn tó mítà 20 kò gbọ́dọ̀ kọjá knot 10 láwọn ibi àti àkókò kan tí right whale ń kọjá. Ní Bay of Fundy, ọ̀nà ọkọ̀ fúnra rẹ̀ ni wọ́n gbé kúrò lórí ibi ìjẹun wọn ní 2003.

Ohun tó ń bí mi nínú ni àjọ ìrìn ọkọ̀ òkun lágbàáyé, IMO. Wọ́n ní òfin fún epo tó ń dà sómi, fún ìdọ̀tí, fún ìgbẹ́, fún èéfín. Fún ariwo, ìmọ̀ràn ni wọ́n kọ ní 2014, ìmọ̀ràn náà ni wọ́n tún kọ ní 2023: bí ẹ ṣe lè ya pùròpẹ́là tó dákẹ́, bí ẹ ṣe lè tọ́jú rẹ̀. Ìmọ̀ràn tó dára ni. Kò sì sí ẹni tó ní láti tẹ̀ lé e. Èbúté Vancouver ṣe ju bẹ́ẹ̀ lọ: ọkọ̀ tó bá dákẹ́, wọ́n á dín owó èbúté rẹ̀ kù.

Nípa ti ọ̀dọ̀ wa: bẹ́ẹ̀ ni, ó ń dé. Láàárín nǹkan bí oṣù Kẹjọ sí oṣù Kọkànlá, irú èyí tí wọ́n ń pè ní humpback máa ń ti ìhà yìnyín gúúsù ayé wá sí Gulf of Guinea wá gùn, kí wọ́n sì bímọ. Wọ́n máa ń wà létí Gabon àti São Tomé, wọ́n sì ń rí wọn létí Benin, Tógò àti Gánà. Orin ni akọ rẹ̀ máa ń kọ lásìkò yìí, á kọ ọ́ fún wákàtí púpọ̀, á tún un kọ. Ẹ wá wo ẹni tí wọ́n jọ ń pín omi yẹn: ọkọ̀ tó ń lọ Àpápá, Lẹ́kì, Kùtọnu àti Lomé. Ní Abrolhos, létí Bahia ní Bràsíl, akọ tó ń kọrin máa ń dín kù bí ọkọ̀ bá dé. Ní erékùṣù Ogasawara ní Jàpáánì, ọkọ̀ kan ṣoṣo tó ń kọjá tó láti pa orin mọ́ àwọn tó sún mọ́ ọn lẹ́nu, àwọn tó dákẹ́ sì máa ń tó ọgbọ̀n ìṣẹ́jú kí wọ́n tó tún bẹ̀rẹ̀. Ẹ wá ronú ibi tí ọkọ̀ mìíràn ti ń dé kí ọgbọ̀n ìṣẹ́jú yẹn tó pé.

Bí ẹ bá bá àwọn apẹja jáde lóṣù Kẹsàn-án tàbí Kẹwàá, ẹ máa wojú omi. Bí ẹ bá rí èémí tó tú sókè bí èéfín funfun, ẹ ní kí wọ́n má ṣe lé e, kí wọ́n pa ẹ́ńjìnnì. Ẹ kọ ọjọ́ náà sílẹ̀ àti ibi tí ẹ wà, bóyá ọmọ wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ tàbí kò sí, nítorí àkọsílẹ̀ irú èyí kò tó nǹkan létí òkun wa. Lẹ́yìn náà, kí gbogbo yín dákẹ́. Bó bá jẹ́ ọkọ̀ onípákó ni, ẹ dọ̀bálẹ̀ kí ẹ fi etí kan lé ilẹ̀ rẹ̀. Pákó máa ń gba orin náà wọlé. Bẹ́ẹ̀ ni àwọn atukọ̀ ayé àtijọ́ ṣe máa ń gbọ́ ọ lórí ibùsùn wọn lóru.